Baba Tó Ń Jókòó Lẹ́bàá Ilẹ̀kùn

Mo fi ewú orí mi ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní í gùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè jókòó pẹ́ ni, ó sì ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà láàárín wa níbí.

Ọkùnrin kan wà, àgbà ìjọ ni, àga tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Bí wọ́n bá pè é síwájú, á ní ibẹ̀ ti tó òun. Ìjọ ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ìtọ̀ ni. Bí ìtọ̀ bá ti ń gbọ̀n án, kì í fún un láyè. Bí ó bá wúkọ́ tàbí tó rẹ́rìn-ín, díẹ̀ á ti bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, baba kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìjọ ní ìwà mímọ́ nìyẹn.

Ni wọ́n bá fẹ́ fi í jẹ Baba Ìjọ. Ó ti ń fẹ́ oyè náà láti ìgbà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n iwájú pátápátá ni àga Baba Ìjọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Baba ro ó títí, ó sì dá omi mímu dúró. Kàkà kí ó sàn, ìtọ̀ ki, ó ń ta á, ó sì ń lé e jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí òòyì gbé e lórí àtẹ̀gùn, ìyàwó rẹ̀ dé fìlà fún un, ó mú un lọ sí ọsibítù.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Dókítà yẹ ibòmíràn wò, baba kò sì fẹ́ kí a dárúkọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ní, “Baba, géètì ìtọ̀ yín kò bàjẹ́. Máígádì ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́.”

“Ẹ lé e lọ.”

“Ṣé ẹ ní òmíràn nílé ni? Ẹ máa kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ máa fún iṣan ibi tí ìtọ̀ ń gbà pọ̀ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ dá a dúró, kí ẹ sì tún tú u sílẹ̀. Ẹ lè ṣe é níbi tí ẹ bá jókòó sí. Ẹ mu omi yín, ẹ dín tíì kù. Ẹ máa lọ tọ̀ kó tó di pé ó ń lé yín.”

Baba ń ṣe é nínú ìsìn, ó dijú, ó fún ojú pọ̀. Ìjọ ní ó ń gbàdúrà ọkàn.

Ó sàn púpọ̀, kò sàn tán. Ní ọjọ́ ìwúyè, ìwàásù kọjá àkókò rẹ̀. Baba dìde níwájú gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń tọ́jú èrò sáré bá a: “Baba, kí lẹ fẹ́?”

“Mo fẹ́ lọ tọ̀.”

Baba rìn láàárín wọn jáde, kò sì kánjú. Nígbà tó ṣe tán nílé ìtọ̀ tó yíjú padà, àwọn àgbà ìjọ ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pọ́n ara wọn lé pé kí ẹni tó dàgbà jù kọ́kọ́ wọlé. Pásítọ̀ ló kẹ́yìn, ó ká aṣọ oyè rẹ̀ sókè.

“Baba, ẹ ṣeun,” ni pásítọ̀ wí. “Ojú yín ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí, kí èmi náà lè rí àyè jáde.”

Baba bú sẹ́rìn-ín. Máígádì kò sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ìjọ lè máa pè é ní ìrẹ̀lẹ̀; ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ fún dókítà. Ẹ má fi òùngbẹ jẹ ara yín níyà nítorí ohun tó ní ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, kó má kúrò láàárín wa. Ti baba kọ́ ni mò ń bò, tirẹ̀ ti tú. Ti pásítọ̀ ni.