Eérú Tí Mo Dà

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo ti mọ òwe yìí kí n tó mọ bí a ṣe ń wọn epo, àmọ́ ẹnu mi kò gbọ́.

Nígbà tí ọmọ Ìyá Dúrójayé, aládùúgbò mi, kó ẹrù rẹ̀ padà láti ilé ọkọ, ìdí garawa epo mi ni mo jókòó sí tí mo ń wí fún gbogbo oníbàárà pé, "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a bá kọ́ kì í padà. Tèmi ò jẹ́ dán an wò!"

Mojírayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo dá tọ́ nípò opó, wá kí mi láti ilé ọkọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo lọ yá àrọ tí n ó fi rọ epo lọ́wọ́ Ìyá Dúrójayé. Mojírayọ̀ ni mo bá lórí ẹní nínú yàrá obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti lù ú, ojú ọ̀tún rẹ̀ wú, kò là. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ògiri kan ló sì wà láàárín wa.

"Kí ló dé tí o ò wálé?"

"Màámi, ẹ ní tiyín ò jẹ́ dán an wò."

Ìyá Dúrójayé rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọlé, Ìyá Mojí. Aláìlẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà nílé mi báyìí. Ẹ wá bá wa kọ́ wọn."

Mo fi ọdún mẹ́wàá ju obìnrin náà lọ, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ fún un. Eérú tí mo dà kò tiẹ̀ tọ̀ mí wá. Ojú ọmọ mi ló bọ́ sí.