Bí Adéṣùyì Ṣe Tẹ Ìdó-Ògùrọ̀ Dó

Ẹ̀yin ọmọ Ìdó-Ògùrọ̀, ọmọ afẹmu-ṣàlejò, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe dé ibi tí ẹ wà.

Adéṣùyì ni baba ńlá yín, ọmọ ọba Èbúté-Asà létí òkun. Inú ẹmu ni wọ́n ti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní májèlé nítorí oyè. Láti ọjọ́ náà, ọkàn Adéṣùyì kò balẹ̀ mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá se ọbẹ̀, á ní kí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú òun. Nígbà tó rí i pé òun ló kàn, ó mú Mórónkẹ́jì ìyàwó rẹ̀, tó lóyún, àti ìwọ̀nba ènìyàn, ó jáde nílùú. Abọrẹ̀ Olókun, ìyá arúgbó kan, wí fún un létí omi pé:

“Ibi tí wọ́n bá ti fún ọ lẹ́mu, tí ẹni tó gbé e wá kò kọ́kọ́ mu, ibẹ̀ ni kí o dó sí. Bí o bá kọjá ibẹ̀, ilé rẹ parun.”

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn. Ta ló rán ìyá yìí? Àbí àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n òun náà ni?

Wọ́n gba àárín àwọn ìlú ẹlẹ́mu tó wà lẹ́yìn ọ̀sà. Ní Ìtagbẹ̀, níbi tí ẹmu ọ̀pẹ ti ń hó yeeye, baálé kọ́kọ́ mu kí ó tó gbé e fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ẹrẹ̀dó. Adéṣùyì mu, ó sì tún ń lọ, inú rẹ̀ ń dùn pé àmì kò tíì hàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Mórónkẹ́jì ti wú.

Wọ́n dé etí odò kan tí igi ògùrọ̀ ṣú bò. Akínrùlí, adẹ́mu ibẹ̀, bu ògùrọ̀ kún ahá, ó nà án sí àlejò.

“Ìwọ kọ́kọ́ mu,” ni Adéṣùyì wí.

“Èmi kì í mu ún. Àkọ́dá igi tuntun nìyí, àlejò ló ni ín. Bí adẹ́mu bá fẹnu kàn án, igi á gbẹ.”

“Irọ́ ni! Ta ló rán ọ sí mi?”

“Ẹ̀yin mà lẹ wá bá mi nídìí igi mi!”

Adéṣùyì rántí ọ̀rọ̀ abọrẹ̀, ṣùgbọ́n òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rí. Ó fa idà yọ, ó gbé e lé adẹ́mu lọ́rùn.

Ni Mórónkẹ́jì bá já ahá náà gbà, ó dà á sọ́fun.

“Bí n ó bá kú, kí n kú síbí. Mi ò lè rìn mọ́.”

Gbogbo wọn ń wò ó. Adéṣùyì ò gbójú kúrò létè rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Mórónkẹ́jì wá gùnfẹ̀.

“Ó mà dùn o. Ṣé ó kù?”

Adéṣùyì sọ idà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ilẹ̀ tó, ẹ dó,” ni Akínrùlí wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tó pè mí ní apànìyàn kò ní sùn lágboolé mi. Ẹ kọjá sí òdìkejì odò, ilẹ̀ mi náà ni ibẹ̀.”

Ìdí nìyí tí àdúgbò ọba fi ń jẹ́ Òdìkejì, tí ti àwọn onílẹ̀ sì ń jẹ́ Òkè-Adẹ́mu.

Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ jọba yóò fẹsẹ̀ la odò kọjá, wọn yóò so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ Akínrùlí yóò sì gbé ahá ògùrọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni kì í tọ́ ọ wò. Bí ó bá yí ojú, wọn a wá ọmọ oyè mìíràn. Bí ó bá mu ún, a kì í kí i ní Kábíyèsí títí oòrùn yóò fi yẹ̀. Àwọn ìjòyè á máa wo ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ọmọ Akínrùlí á máa wo ojú rẹ̀, bóyá ìfura ṣì wà níbẹ̀.