Ẹni Tó Tijú Tépù

"Ẹni tó bá tijú tépù, kọ́tínnì ni yóò kó sáyà." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, pàápàá lẹ́nu àwọn ìyá wa ní Ìgbájọ. Ṣùgbọ́n ta ló ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ló pa kọ́tínnì pọ̀ mọ́ àyà èèyàn? Kọ́tínnì ojú fèrèsé ni o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, wọn kì í dárúkọ kọ́mú. Ìyá rẹ̀ pàápàá, abẹ́ ìró ló ń sá tirẹ̀ sí lórí okùn kí àwọn ọkùnrin ilé má baà rí i, kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí wọ́n mú Ìbíyẹmí lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kọ́mú kan ṣoṣo tó ṣì ṣe é wọ̀ já, kò ṣe é rán mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, nítorí ìyá ọ̀hún ti rí fọ́tò rẹ̀, ó sì ti ní ọmọ yìí rù jù, bóyá ara rẹ̀ ò dá. Ìbíyẹmí ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ọjà ńkọ́? Àwọn tó ń ta kọ́mú lọ́jà, orí aṣọ ni wọ́n ti ń gbé e lé oníbàárà láyà lójú gbogbo ayé, wọn á tún máa pariwo pé ó bá a mu. Ìbíyẹmí ní ikú yá ju ẹ̀sín, ó bá gba orí fóònù lọ. Òǹtajà ibẹ̀ kọ ọ́ gedegbe pé kí èèyàn fi tépù wọn abẹ́ ọmú kó tó yan nọ́ńbà. Tépù kan ṣoṣo tó wà nílé, ti ìyá rẹ̀ ni, pálọ̀ ló sì wà, níbi tí bàbá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń wo bọ́ọ̀lù.

"Kí lo fẹ́ fi tépù ṣe?" ni ìyá rẹ̀ tó jókòó tì wọ́n bi í bó ṣe nawọ́ mú un.

Gbogbo ojú yí sí i. "Kọ́tínnì ni mo fẹ́ wọ̀n, mà."

"O ṣeun o, ọmọ mi. Kọ́tínnì yẹn ti gbó jù. Wá, kí n bá ọ di etí rẹ̀ mú."

Bẹ́ẹ̀ ni tìyá-tọmọ wọn fèrèsé látòkè délẹ̀. Ìyá gba tépù rẹ̀ padà, ó ra aṣọ olódòdó, ó sì rán kọ́tínnì tuntun. Ìbíyẹmí wá rántí nọ́ńbà tí télọ̀ máa ń pè bó bá fẹ́ rán búláòsì fún un, ó fi ra kọ́mú. Kò mọ̀ pé orí ọmú ni télọ̀ ń wọ̀n, ìyẹn sì máa ń tóbi ju abẹ́ ọmú tí òǹtajà bèèrè lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ gan-an ni ẹrù dé. Ó wọ̀ ọ́, ó ń yọ̀ bọ́. Àlàfo inú rẹ̀ ì bá gba ọsàn. Òǹtajà ní àwọn kì í gba aṣọ abẹ́ padà. Ìbíyẹmí wò yíká, ó rí àjákù aṣọ kọ́tínnì méjì nínú àpò ìránṣọ ìyá rẹ̀. Ó ká wọn, ó kó wọn sáyà. Nínú dígí, ó dára.

Ó dára títí ó fi kúnlẹ̀. Bí ìyá ọkọ ṣe gbé ọwọ́ lé e lórí tó ń wúre, Ìbíyẹmí tẹrí ba, kọ́mú sún, àjákù kan yọ lọ́rùn búláòsì, ó jábọ́ sẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ. Èkejì tẹ̀ lé e. Àdúrà dúró.

"Ṣé kì í ṣe kọ́tínnì mi nìyí?" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ìyá Ìbíyẹmí kó tó ronú.

Ìtìjú bo ọmọ náà mọ́lẹ̀. Kò lè gbójú sókè, omijé rẹ̀ ń kán sórí ẹní. Ìyá ọkọ ṣa àjákù méjèèjì, ó fi ìró ara rẹ̀ bò wọ́n.

"Ta ló wọ̀n ọ́, ọmọ mi?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ fi tépù ṣe."

Ìyá ọkọ kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbíyẹmí ni ojú wá tì jù. Ó rántí ìbéèrè tó bi í lójú àwọn ọkùnrin, ó rántí kọ́mú tó ti ń fi pamọ́ sábẹ́ ìró látọdúnmọ́dún. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá tijú tépù, kọ́tínnì ni yóò kó sáyà. Èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìtìjú yẹn."

Ìdí òwe náà nìyẹn. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń sá fún ìtìjú kékeré, tí kò mọ̀ pé ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn a pa òwe yìí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ wọn dáadáa bí wọ́n bá ń pa á: wọn kì í wo ojú ọmọ nìkan, wọn a wo ojú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.