Ẹni Tó Gbé Koto Kalẹ̀

Àwọn àgbà máa ń wí pé àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Bí wọ́n bá ti wí i tán, ìwo àgbò ni gbogbo ayé ń wò. Wọ́n á ní ẹran olóríkunkun ni, kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé. Irọ́ gbuu! Kí ló wá dé tí òwe náà fi dárúkọ koto? Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò bínú sí àgbò kankan rárá.

Àwẹ̀ró, opó kan ní abúlé Elérúwà, ló sọ ọ́. Ó ní àgbò méjì, Abilà àti Dúdú, tí ìyá wọn bí ní ìbejì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń bá agbo abúlé lọ mumi lódò. Odò náà fẹ̀. Ẹran á tò létí rẹ̀ lọ rẹrẹ, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, àgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò, kò sí èyí tó ń fi ìwo kan èkejì.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, Baálẹ̀ Láwọrẹ fi ọgbà ẹlẹ́gùn-ún yí odò ká. Ó ní ẹran tòun nìkan ni yóò máa mumi níbẹ̀. Omi tí kò gbẹ rí! Ojúkòkòrò lásán ni. Ẹ̀yìn òkè làwọn obìnrin wá ń lọ pọnmi níbi ìsun kékeré kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì ń bù fún ẹran nílé. Koto kan ni Àwẹ̀ró ní, igbá jíjìn tí ẹnu rẹ̀ kò gbà ju orí ẹran kan lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Abilà àti Dúdú kọjú ìjà síra wọn lórí koto yìí. Kí Àwẹ̀ró tó sọ omi orí rẹ̀ kalẹ̀, ọrùn Dúdú ti ṣẹ́.

Baálẹ̀ gbọ́, ó ránṣẹ́ pè é síwájú àwọn àgbà.

"Àwẹ̀ró, ẹran tó pa ọmọ ìyá rẹ̀, ìkà ẹran ni. Lọ fà á wá ká pa á, kó má baà kọ́ àwọn yòókù níwàkiwà."

Abilà nìkan ló kù fún Àwẹ̀ró nínú agbo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹni tó dí odò ló sì tún ń dájọ́ ikú fún àgbò náà!

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mumi kó tó kú. Lódò ni kó ti mu ún, lójú gbogbo yín."

Wọ́n ṣí ọgbà fún un. Àgbò Baálẹ̀, ẹran ràbàtà kan, ti wà níbẹ̀ tó ń mumi. Abilà lọ dúró tì í, ó tẹrí ba. Àwọn méjèèjì ń mu, kò sí èyí tó gbójú wo èkejì. Wọn kò tíì mu yó tí Àwẹ̀ró fi fà wọ́n kúrò, ó gbé koto sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó bu omi sí i.

Orí méjì wá ẹnu koto kan. Àwọn méjèèjì tàdí mẹ́yìn, gbàgà! Ìwo àgbò Baálẹ̀ ṣẹ́ sílẹ̀.

"O fẹ́ pa ẹran mi ni?" Baálẹ̀ figbe ta.

"Èwo nínú wọn wá nìkà, Baálẹ̀? Ẹ dáhùn!" Àwẹ̀ró nawọ́ sí ìwo tó ṣẹ́ sílẹ̀ náà. "Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan! Ẹ̀yin lẹ gba odò, ẹ̀yin lẹ gbé koto kalẹ̀ fún gbogbo abúlé yìí. Èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí a ò jà rí, a gbá ara wa létí níbi ìsun lánàá. Ṣé ìkà làwa náà?"

Baba Àjàgbé, tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà, dìde láìwo ojú Baálẹ̀, ó yọ àdá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọgbà náà lulẹ̀. Àwọn yòókù dà tẹ̀ lé e.

Wọ́n ṣí odò o, Abilà sì bọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n Dúdú ti kú ná. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń para wọn, ẹ má kàn máa wo ìwo wọn. Ẹ wá ẹni tó gba odò lọ́wọ́ wọn. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.