Sípíríǹgì Jíìpù Lẹ́yìn Mọ́tò Kékeré

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Lọ́jọ́ tí Jayéọlá mẹkáníìkì pa òwe yìí fún Bàbá Akínbọ̀wálé n'Ílé-Olújì, ńṣe ni inú bí bàbá.

Mọ́tò asáré àtijọ́ kan ni bàbá ní, tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Jayéọlá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sọ́ọ̀kì tuntun tí sípíríǹgì yí ká, ó sì ní kí àwọn kọ́kọ́ wọn ẹ̀yìn mọ́tò náà lórí òṣùwọ̀n kòkó, kí òun lè mọ sípíríǹgì tí yóò bá a mu.

"Ṣé kòkó ni mọ́tò mi ni?" Bàbá ju sípíríǹgì jíìpù méjì sílẹ̀. "Èyí nípọn. Òun ni kí o fi sí i."

Àgbà ti sọ̀rọ̀. Jayéọlá fi í sí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá gbé Màmá, ìyàwó rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń ta Màmá sókè bí gúgúrú inú ìkòkò. Nígbà tí gèlè rẹ̀ já bọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò náà dé ìdí òṣùwọ̀n kòkó. "Jayéọlá, ó yá, wọ̀n ọ́n."

Jayéọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀yìn mọ́tò lé òṣùwọ̀n. Bó ṣe fẹ́ kà á báyìí, Màmá, tó ti fẹsẹ̀ tẹ̀lé wọn débẹ̀, ṣílẹ̀kùn mọ́tò náà, ó wọ inú rẹ̀, ó jókòó.

"Dúró ná, ọmọ mi. Èmi náà wà lára eku yìí. Wọ̀n mí mọ́ ọn."