Irùngbọ̀n Àgbò àti Afárá Etídò

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ o!"

Àwọn ọmọdé yí Ìyá Àgbà ká lórí ẹní. Baálé jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni òun àtàwọn ìjòyè rẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ jáde nínú ìpàdé ìlú. Adégòkè wà láàárín àwọn ọmọdé náà; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n lé. Ìyá Àgbà wo Baálé lẹ́ẹ̀kan, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ.

"Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kò bà lé òkè, kò bà lé ọ̀pẹ, ó bà lé àwọn àgbà ìlú Etídò, tí wọ́n gbọ́n títí, tí ọgbọ́n wọn ò ṣe ará ìlú láǹfààní."

"Ìjàpá ńkọ́?" Adégòkè béèrè.

"Kò sí Ìjàpá níbẹ̀. Ìjàpá a máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó jẹun. Ẹ jẹ́ n máa sọ ọ́."

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú Etídò, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé pọ̀. Odò ńlá kan ṣàn kọjá lẹ́bàá ìlú náà. Oko wà lódìkejì, ọjà wà lódìkejì, ìsun omi mímu pàápàá, òdìkejì ló wà. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dábùú odò náà, òun ni afárá wọn. Ikán ti wọnú igi yìí, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ àkàrà.

Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gba orí igi náà kọjá láràárọ̀. Àwọn àgbà kì í kọjá. Iṣẹ́ tiwọn pọ̀ nílé: wọ́n ń jókòó.

"Ìjókòó náà niṣẹ́?" Ìbíwùmí béèrè.

"Iṣẹ́ ńlá ni. Ìdí a máa ro wọ́n."

Àgbò ni olórí ìgbìmọ̀ Etídò. Òbúkọ ni igbákejì rẹ̀. Ẹnì kẹta wọn ni Baba Lámọ́dí, ènìyàn bíi tiwa, tó ti ń sùn ní ìpàdé láti ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ àṣìsọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò bá ní irùngbọ̀n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀.

Wọn ò kórìíra ọ̀dọ́ o! Wọ́n fẹ́ràn wọn gidigidi. Ọ̀dọ́ ló ń gbálẹ̀ ìgbìmọ̀, ọ̀dọ́ ló ń tẹ́ ẹní, ọ̀dọ́ ló ń pàtẹ́wọ́ bí àgbà bá sín.

"Ewúrẹ́ wa ní irùngbọ̀n," Ìbíwùmí wí, "abo sì ni."

"Ti Etídò náà ní. Wọ́n sọ fún un pé tirẹ̀ ṣèèṣì hù ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ru ìkòkò omi, ó ń bọ̀ lórí afárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́, ń sá lọ níwájú. Àfi gbàù! Igi jìn mọ́ Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀. Ìkòkò bọ́ sódò, odò gbé e lọ. Díẹ̀ ló kù kí Àwẹ̀ró náà bá a lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe títí àwọn ọ̀dọ́ fi sáré dé, tí wọ́n fà á yọ.

Òjò àkọ́rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí odò bá kún, ẹni tí igi náà bá dá mọ́ lẹ́sẹ̀ kò ní padà wálé. Àwọn méjèèjì bá gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ lọ.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Afárá wa..."

"Irùngbọ̀n rẹ dà?" Àgbò béèrè.

"N kò ní, bàbá. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"A ò béèrè ẹsẹ̀. Ẹ jáde."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ìta, ó ronú, ó wo ìrù ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ká ìrù náà wá síwájú, ó fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Ó gùn ju irùngbọ̀n Òbúkọ lọ. Ó sì rọra wọ ìgbìmọ̀.

"Háà! Àgbàlagbà wọlé!" Òbúkọ pariwo. "Ẹ fún wọn ní àga!"

Ṣé wọ́n rántí pé Ọ̀kẹ́rẹ́ àná ni? Ojú wọn ò kọjá àgbọ̀n.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ ọ̀rọ̀ afárá. Àgbò mi orí. "Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí. A ó gbé e yẹ̀ wò." Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni wọ́n yàn? Àgbò, Òbúkọ, àti Baba Lámọ́dí tó ń sùn lọ́wọ́. Wọ́n wá fi Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ Aṣojú Ọ̀dọ́. Wọ́n dé fìlà ńlá kan fún un, fìlà náà bò ó lójú. Wọ́n gbé àwo ẹ̀pà síwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní fi pamọ́ fún yín: Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó. Ó jẹ ẹ̀pà. Ọjọ́ kìíní, ó jẹ ẹ̀pà. Ọjọ́ kejì, ó jẹ ẹ̀pà. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀kẹ́rẹ́ sín, àwọn ọ̀dọ́ sì pàtẹ́wọ́ fún òun náà.

"Ó mà ṣe o!" ni àwọn ọmọdé wí.

"Ó ṣe kẹ̀. Inú tèmi náà bàjẹ́."

Òjò kò dá ní gbogbo àsìkò yìí. Ní ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró tiro wá, ó dúró dè é lójú ọ̀nà.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, omi ti kan ìsàlẹ̀ igi. Àbúrò mi ló ń pọnmi dípò mi báyìí. Irú ẹ̀pà wo ni wọ́n fún ẹ jẹ, tó dùn ju ẹ̀mí àbúrò mi lọ?"

Ojú ti Ọ̀kẹ́rẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ju fìlà nù, ó sáré wọ ìgbìmọ̀, ó tú okùn àgbọ̀n rẹ̀. Ìrù bọ́ padà sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ wò ó! Ìrù lẹ kí ní àgbàlagbà. Ìrù lẹ gbé àga fún. Afárá ti jẹrà, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ ẹnì kan má kú!"

Baba Lámọ́dí jí. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ó jí.

"Jẹrà kẹ̀?" Àgbò fò dìde. "Afárá tí bàbá ńlá mi gbé lélẹ̀? Ẹ tẹ̀ lé mi! N ó gùn ún lójú gbogbo yín."

"Bàbá ńlá tèmi ló gbé e," ni Òbúkọ wí.

Wọ́n ń jà á bọ̀ títí dé etí odò. Àwọn ọ̀dọ́ ti pé síbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbè é o:

"Àgbò, má gùn ún o!"

"Igi ti jẹrà!"

"Òbúkọ, má gùn ún o!"

"Igi ti jẹrà!"

"Ikán jẹ ẹ́ tán nínú!"

"Igi ti jẹrà!"

"Odò ti kún dẹ́nu!"

"Igi ti jẹrà!"

Ǹjẹ́ wọ́n gbọ́? Àgbò gùn ún. Òbúkọ ní òun kò lè rìn lẹ́yìn Àgbò láéláé, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn ún. Wọ́n dé àárín.

"Sún fún mi, èmi ni mo dàgbà jù," Àgbò wí.

"Ìwọ kẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ, èmi ni mo jẹ èèpo iṣu ibẹ̀!"

Gbòà! Wọ́n forí kanrí. Gbàà! Igi dá sí méjì. Gbúlúú! Àwọn àgbà ti wọ omi.

Wọ́n dojú sókè, ìwo wọn wà lábẹ́ omi, irùngbọ̀n nìkan ló léfòó. Àwẹ̀ró gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó bẹ́ sódò, ó gbá irùngbọ̀n Àgbò mú. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù gbá ti Òbúkọ mú. Wọ́n fà, wọ́n fà, wọ́n fà wọ́n dé bèbè. Ọjọ́ yẹn ni irùngbọ̀n kọ́kọ́ ṣe ìlú Etídò láǹfààní.

Ti Òbúkọ ṣẹ́ ku díẹ̀. Ti Àgbò fà tu sọ́wọ́ Àwẹ̀ró, èyí tó kù sì sá lọ fara pamọ́ sí ọrùn. Ẹ lọ wo àgbò lọ́la, ọrùn náà ló ṣì wà.

Àgbò pọ omi, ó dìde, ó lanu. "Mo pàṣẹ pé..."

"Bàbá." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó na irun náà sí i. "Irùngbọ̀n yín dà?"

Àgbò fọwọ́ kan àgbọ̀n, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Òbúkọ náà fọwọ́ kan ìwọ̀nba tó kù ní tirẹ̀, ẹ̀rù bà á, òun ló yára kéde pé àwọn ti pa òfin náà rẹ́. Òfin tí wọ́n ní kò ṣeé yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó yí kí omi tó gbẹ lára wọn.

Àwẹ̀ró àti Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sí ìgbìmọ̀. Níjọ́ kẹta, igi tuntun mẹ́rin ti wà lórí odò. Àbúrò Àwẹ̀ró pọnmi lọ, ó pọnmi bọ̀. Àwọn àgbà náà ṣiṣẹ́ o: wọ́n jókòó sí bèbè, wọ́n ń sọ fún àlejò pé àwọn làwọn ṣe é.

"Ẹ̀yin ọmọ, kí ni àlọ́ yìí kọ́ wa?"

"Kí á má fa irùngbọ̀n àgbà," Adégòkè dáhùn.

"Ìwọ yìí, wọ́n á fi ẹ́ jẹ ìjòyè láìpẹ́. Ó kọ́ wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó ń tẹ afárá ló mọ ibi tó ti jìn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá gbà yín jókòó, ẹ má tìtorí ẹ̀pà gbàgbé odò."

Baálé wúkọ́. "Ìyá, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Àgbò ni mò ń sọ o, Baálé. Ṣé ẹ̀yin jọ àgbò ni?"

Baálé rọra mú ọwọ́ kúrò ní àgbọ̀n. "Adégòkè, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá sí ìpàdé lọ́la."

Ìyá Àgbà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lórí ẹní, ó rẹ́rìn-ín.

"Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá parọ́ níbẹ̀, kí irùngbọ̀n hù lágbọ̀n mi kílẹ̀ tó mọ́, kí èmi náà lè rí ọ̀rọ̀ sọ ní ìpàdé yín."