Ìjàpá, Olùtọ́jú Igi Ìdáná

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa. Ṣé ẹ kò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó gba ẹ̀yìnkùlé gbogbo ẹranko kọjá, ó lọ jókòó sídìí ààrò Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Kì í ṣe pé ojú ọ̀run ṣàdédé bínú o. Àwọn ẹranko ló fọwọ́ ara wọn fà á. Ẹnì kan fẹ́ se ẹ̀wà, á gé odindi igi. Ẹlòmíràn fẹ́ yáná láàárọ̀, á gé òmíràn. Wọ́n gé e títí òjìji fi kúrò lórí ìsun omi ìlú, oòrùn wá ń lá omi náà. Ìsun kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn!

Erin tó jẹ́ ọba pe ìpàdé. Wọ́n fẹnu kò. Ilé méjì á máa pín ààrò kan lò. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà sómi kó tó kan iná. Wọ́n á máa dé ìkòkò. Ògùsọ̀ àti igi tó dá ara rẹ̀ wó ni wọ́n á máa fi dáná. Ó dáa àbí kò dáa?

Ó dáa!

Ó dáa, àfi ìgbà tí Ìjàpá dìde. Ó ní, "Kábíyèsí, báwo la ó ṣe mọ ẹni tó ń ṣún igi lò lóòótọ́? Kí kálukú máa gbé igi tó bá ṣẹ́ kù wá sílé mi ní ọrọọrún. Èmi ni n ó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé tirẹ̀ wá, kó má bu omi."

Erin mi orí pé ó dáa. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́.

Ẹ ò rí i bí àgbà ṣe ń gọ̀ nígbà mìíràn? Ẹni tí kò ní ìdì igi kankan nílé ń bẹ̀rù ìtìjú. Ló bá gbé àdá, ó gé igi tútù, ó dì í, ó gbé e lọ bá Ìjàpá pé òun ló ṣẹ́ ẹ kù. Ẹtu gbé ìdì méjì. Ìmàdò gbé mẹ́ta kí wọ́n lè yìn ín. Igbó ń tán lọ, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú igbó! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìjàpá ńkọ́? Àsáró ló ń fi igi wọn sè. Àárọ̀ àsáró, ọ̀sán àsáró. Yánníbo ní, "Baálé mi, igi yìí ti ga ju òrùlé wa lọ o." Ìjàpá ní, "Jẹ́ n jẹun."

Òkété nìkan ni kò gbé igi wá. Ọmọ méje ló bí, igbá omi kan ni gbogbo wọn ń pín mu. Ọjọ́ tó gbé igbá dé ìsun, Ìjàpá na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Òkété, igi tí o ṣẹ́ kù dà?"

"Ó wà lóko."

"Gbé e wá."

"Báwo ni n ó ṣe gbé e? Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Igi tí mi ò gé ni mo ṣẹ́ kù. Bí mo bá gé e wá fún ọ, kí ni mo wá ṣẹ́ kù?"

"O ò ní bu omi."

"N ó bu ú. Òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ mi. Bí o bá lè mú mi, mú mi."

Ló bá forin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá ní n gbégi wá o,
*Kìǹrìnjìn.*
N ò gé e, ibo ni n ó ti rí i?
*Kìǹrìnjìn.*
Ó dúró lóko, ó ń ṣíji,
*Kìǹrìnjìn.*
Ẹyẹ ń sùn sí i lórí,
*Kìǹrìnjìn o, kìǹrìnjìn.*

Ó ti ọwọ́ Ìjàpá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pọn omi rẹ̀, ó ń lọ. Ìjàpá sáré lọ fẹjọ́ sun ọba. Erin ní kí Òkété àti ọmọ rẹ̀ méjèèje fi ìlú sílẹ̀ lọ́la. Òkété ní, "N ò lọ. Ẹ wá gbé mi."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lóòótọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà, inú Ìjàpá dùn, ó dá iná tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́, ó ti mú igi tútù wọ̀nyẹn gbẹ. Iná ta sára igi tó tò yí ilé ká. Ó gbà á! Ìjàpá figbe ta. Gbogbo ìlú gbé igbá, ó di ìdí ìsun. Wọ́n ti igbá bọ̀ ọ́, iyanrìn ni wọ́n bù. Ìsun ti gbẹ.

Ta ló lómi? Òkété ni! Omi tó fi fọ iṣu, omi tó fi ṣan abọ́, kì í dà á nù. Inú ìkòkò ló ń dà á sí, kó lè fi bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò náà, ó dà á lé Ìjàpá lórí níbi tí iná ti ká a mọ́. Ẹ̀mí rẹ̀ yè. Ilé jóná, ààrò wó.

Ojú ti Erin. Ó ní, "Òkété, jọ̀wọ́, dúró sílùú. Ìwọ ni kó o wá máa tọ́jú igi wa."

"Kábíyèsí, ẹ má fi mí joyè yẹn. Ọwọ́ ara ẹni la fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí kálukú yín lọ ká ọwọ́ rẹ̀ kò."

Wọ́n lọ ká a kò. Òjò ọdún mẹ́ta ló rọ̀ kí ìsun tó kún. Láàárín ìgbà yẹn, Ìjàpá gbé àpáàdì, ó ń lọ láti ilé dé ilé pé kí wọ́n bu ògúnná fún òun. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ògúnná du aládùúgbò. Wọ́n fi du Ìjàpá. Kò sẹ́ni tó fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ olú tútù àti èso tó bọ́ sílẹ̀ títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi dúró sí nìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ sílé Ìjàpá lọ́la, kó bá mi wá ààrò kan ṣoṣo níbẹ̀.